Omi, àyè, ìwé: ohun tó yẹ kí aláró kọ́kọ́ náwó lé lórí

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, àgbàlá tí a ti ń rẹ aṣọ sì wà lẹ́yìn ilé wa ní Kẹ́mta. Èèyàn mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, omi kọ́sítíìkì (caustic soda tí a ń pò mọ́ aró) ta sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. A fi epo pupa pa á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ bó, ó sì di egbò. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan wá, wọ́n ní ìwé ààbò dà, ìwé NSITF (àjọ ìjọba tó ń rí sí ìsanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa) dà, wọ́n sì ní kí n ra ẹ̀rọ ipaná. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, èwo ló sì jẹ́ dandan lábẹ́ òfin?

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ náà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí: omi tó mọ́, tó pọ̀, tí ọwọ́ lè tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti ibi tí ẹ ti ń po kọ́sítíìkì. Ohun kejì ni àyè, kí kọ́sítíìkì, háídírọ́sì (ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò mọ́ aró) àti iná tí a fi ń yọ́ àbẹ́là má ṣe jókòó sí ojú kan náà. Ìwé ló ṣe ìkẹta. Dandan ni ìwé o, àmọ́ kò le tó bí wọ́n ṣe fi dẹ́rù bà yín, kò sì sí ìwé tó ń fọ kọ́sítíìkì kúrò lójú ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí epo pupa yẹn. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni láàárín aláró, àmọ́ kò dáa. Kọ́sítíìkì kì í jó ara bí iná ṣe ń jó o. Ohun tí omi eérú ń ṣe fún epo tí a bá ń se ọṣẹ dúdú gan-an ló ń ṣe fún ọ̀rá inú awọ ara: ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ bí kọ́sítíìkì bá kàn án. Awọ ara ló ń yòrò yẹn. Ó lè má dunni rárá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ibẹ̀ ló sì ti ń tan èèyàn jẹ, torí nígbà tí ìrora bá máa fi dé, ó ti wọlé jìnnà. Epo pupa, òrí, ìpara, ọṣẹ ìfọyín, ńṣe ni gbogbo wọn ń dè é mọ́bẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà tí àwọn mìíràn ń sáré gbé náà kò sàn jù wọ́n lọ: bí omi kíkan bá pàdé kọ́sítíìkì, ooru ló ń jáde, orí awọ tó ti bó ni ooru náà yóò sì bà sí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé. Bí kọ́sítíìkì náà bá jẹ́ gbígbẹ, èyí tó rí bí èépá funfun tàbí wóró wóró, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ gbọ̀n ọ́n dànù kí omi tó kàn án. Ẹ bọ́ aṣọ, aago, ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka lójú ẹsẹ̀, torí ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ wọn. Kí ẹ wá máa da omi tútù sí i, omi tó ń ṣàn lọ, fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kí ẹ wo aago o, torí ìṣẹ́jú márùn-ún máa ń dà bí ogún lójú ẹni tó ń sunkún. Ẹ má ki ọwọ́ náà bọ inú báàfù kan kí ẹ fi í síbẹ̀, torí omi tó dúró sójú kan kò ní pẹ́ di omi kọ́sítíìkì fúnra rẹ̀. Bí ara bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ẹ máa dà á lọ.

Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú, kí ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kí omi máa ṣàn láti ẹ̀bá imú lọ sí ọ̀nà etí, kó má baà wọ ojú kejì. 30 ìṣẹ́jú nìyẹn, kí ẹ tó gbéra lọ sí FMC (ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Àbá tàbí State Hospital ní Ìjàyè. Ẹ má ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ná. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà nìkan tó láti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá sì gbé e mu, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo mu. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa gbé e lọ. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọmọdé: inú ìgò mínírà tàbí ike omi ni àgbà kan bu kọ́sítíìkì sí.

Báwo ni omi náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún fífọ ojú ni nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan yóò gbé yín dé nǹkan bí ìṣẹ́jú 16, nítorí náà ẹ nílò méjì. Ẹ ní kí púlọ́ńbà fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ wọn, kí ẹ gbé wọn ka orí búlọ́ọ̀kù tó ga dé ìbàdí. Ti ara yòókù, àgbá 200 lítà kan tó ní ìdérí àti igbá ìbomi. Ẹ kun àgbá náà ní pupa, kí ẹ máa pààrọ̀ omi kẹ́ẹ̀gì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé omi yìí kì í ṣe omi tí a fi ń ṣan aṣọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òfin yìí máa ń bàjẹ́, tí kànga bá ti fà sẹ́yìn tí omi sì di ọ̀wọ́n. Ọjọ́ tí àgbá pupa bá ṣófo, kí ẹ má po kọ́sítíìkì lọ́jọ́ náà. Ẹ lè ta iko, ẹ lè tẹ àbẹ́là, ẹ lè ká aṣọ, ṣùgbọ́n kí aró dúró.

Pípo ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá. Omi tútù ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ike, kọ́sítíìkì yóò máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pé ká bu kọ́sítíìkì sílẹ̀ ká wá da omi lé e. Bí ẹ bá da omi lé e, omi díẹ̀ tó kọ́kọ́ kàn án yóò hó lójijì, yóò sì ta sókè sójú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. 50 gíráàmù nínú lítà omi kan, omi á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. 500 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú lítà kan lè mú un hó bí omi orí iná. Ẹ jẹ́ kó yòrò nínú omi tútù lọ́tọ̀, kó tù díẹ̀, kí ẹ tó dà á sínú omi aró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Síbí ìdáná kò ṣe é fi díwọ̀n, torí síbí yín àti síbí ọmọ iṣẹ́ yín kò gba iye kan náà. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó, yóò sì jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ yín máa bára mu.

Ike tó nípọn ni kí ẹ fi po ó. Ike ọ̀dà 20 lítà tí a fọ̀ dáadáa dára. Ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kọ́sítíìkì ń jẹ àlùmíníọ́ọ̀mù, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde níbẹ̀ jẹ́ èyí tí iná ń gbé, ẹ sì mọ̀ pé ààrò kì í jìnnà ní àgbàlá yín. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onípáànù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Igi ìròkù tàbí ọ̀pá mìíràn tó gùn tó apá ni kí ẹ fi rò ó, kí ẹni tó ń pò ó dúró, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́: kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì o. Èyí tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ya láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, omi kọ́sítíìkì á sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ yín. Rọ́bà tó nípọn tó gùn dé ìgúnpá ni, kí ẹ sì ṣẹ́ etí rẹ̀ sẹ́yìn kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ láti ọwọ́ tí ẹ gbé sókè lè dúró síbẹ̀. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀, kí ẹ fún un: bó bá ń mí, ó ti lu. Awò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe awò ìkàwé. Bàtà òjò dára, ṣùgbọ́n ìta bàtà ni kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bò sí. Ẹni tó bá ki ṣòkòtò bọ inú bàtà ti ṣe ọ̀nà fún kọ́sítíìkì láti dé ọrùn ẹsẹ̀.

Èmi ò rí aláró tí kì í bẹ̀rù kọ́sítíìkì, àmọ́ wọn kì í bẹ̀rù háídírọ́sì tó, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó lè jó ilé. Ìyẹ̀fun funfun yìí kò fẹ́ omi díẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú agolo rẹ̀, yálà síbí tútù ni, tàbí òjò tó ń jò láti òrùlé, tàbí ìdérí tí a kò dé dáadáa, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀ láti inú, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Inú àsìkò òjò ni ó burú jù. Àmì rẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun náà á dì, ara agolo á lọ́, òórùn bíi ti ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá á sì máa jáde. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má dé e pinpin. Ẹ gbé e síta sí gbangba bí ó bá ṣì ṣe é gbé, jìnnà sí aṣọ àti èèyàn.

Ẹ má rà á ju èyí tí ẹ máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, ẹ má sì gba èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ike gbígbẹ tó ní ìdérí àti síbí tirẹ̀ ni kó máa gbé, lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Òórùn rẹ̀ máa ń fún ẹni tó ní ikọ́ fée lọ́rùn, nítorí náà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìbòmú aláṣọ kò dí òórùn yìí rárá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ po aró níta, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ síwájú. Kí háídírọ́sì má sì pàdé hypo tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, torí àwọn méjèèjì a máa gbiná mọ́ra wọn.

Àbẹ́là ni ìyókù. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 60°C, ó sì lè gbiná bí ooru rẹ̀ bá dé nǹkan bí 200°C. Èéfín funfun lójú àbẹ́là kì í ṣe àmì pé ó ti “jinná”. Àmì pé ó ń lọ sí ọ̀nà iná ni. Ọ̀nà tó dára ni kí ìkòkò àbẹ́là jókòó sínú ìkòkò omi, torí omi tó ń hó kò ní jẹ́ kó kọjá 100°C. Àwọn tó ń tẹ aṣọ nípọn máa ń sọ pé èyí kì í wọ inú òwú dáadáa, òótọ́ sì ni. Kí wọ́n yọ́ ọ nínú omi, kí wọ́n wá gbé e sórí iná tó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú tẹmómítà, kó má kọjá 130°C, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Fóòmù ìtẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Àbẹ́là tí ẹ fi omi gbígbóná bó kúrò lára aṣọ, tí ẹ kó jọ láti tún yọ́, omi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí iná bẹ́ẹ̀, omi á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìkòkò, yóò hó lábẹ́ àbẹ́là, yóò sì ru gbogbo rẹ̀ dà sórí iná. Ẹ jẹ́ kó dì tán, kí ẹ yí i dé, kí ẹ ha ìdí rẹ̀, kí ẹ sì sá a gbẹ ní ọjọ́ méjì kí ẹ tó tún lò ó.

Wàyí o, ìdí tí mo fi ní kí ẹ ya àyè sọ́tọ̀. Bí àbẹ́là bá gbiná, omi kò gbọdọ̀ kàn án: ẹyọ igbá omi kan yóò sọ ọ́ di iná tó fò dé òrùlé. Ẹ pa gáàsì, kí ẹ ti ìdérí láti ọ̀dọ̀ yín lọ bo ìkòkò, kí ẹ má gbé e, kí ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù. Bí háídírọ́sì bá gbiná, òdìkejì ni: iyanrìn àti ẹ̀rọ ipaná onípáúdà kò ní pa á, torí kò nílò afẹ́fẹ́ ìta láti jó. Omi ló ń pa á, kì í ṣe ìwọ̀nba o, bọ́kẹ́ẹ̀tì lé bọ́kẹ́ẹ̀tì, láti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bó bá jẹ́ àgbá ńlá ló gbiná, ẹ sá, kí ẹ pe 112. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, kò sí ẹni tó máa rántí èwo ni èwo bí méjèèjì bá wà lábẹ́ ìbòji kan náà. Nítorí náà, kí iná àbẹ́là wà ní apá kan àgbàlá, kí háídírọ́sì wà ní yàrá gbígbẹ ní apá kejì, kí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ó kéré tán wà láàárín wọn, kí ẹ má sì ta okùn aṣọ gba orí ààrò. Kí kọ́sítíìkì wà ní ilẹ̀, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kó má wà lókè ibi tí yóò ti já lé èèyàn lórí. Àwọn tó ní kí ẹ ra ẹ̀rọ ipaná kò parọ́. Onípáúdà 6 kílò kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí àwọ̀ ewé, dára fún igi, aṣọ, gáàsì àti àbẹ́là. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára ògiri lókè rẹ̀ pé kì í ṣe fún háídírọ́sì.

Ó ku ìwé. Òfin tí wọ́n ń pè ní Factories Act ti ọdún 1987 kò yọ iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ibi tí èèyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń ṣiṣẹ́ ni òfin ń wò. Láti 1987, bó ṣe ẹyọ ẹnì kan lẹ gbà síṣẹ́, ó kàn yín. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ẹ ti máa forúkọ ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ìjàǹbá bá mú kí òṣìṣẹ́ má lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí alábẹ̀wò wọn.

NSITF ni ti ìsanwó fún ẹni tó fara pa, lábẹ́ òfin ọdún 2010. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ẹ ń san ni ẹ máa dá síbẹ̀ lóṣooṣù. Bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín lápapọ̀ bá jẹ́ 360,000 náírà, 3,600 náírà ni. Àpò yín ló ti máa jáde. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Ọmọ iṣẹ́ wà nínú àwọn tí òfin yìí dá mọ̀, nítorí náà ẹ má fi orúkọ àwọn méjèèjì yẹn sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá pé òun fara pa, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Ti ọmọ yìí ti kọjá, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ dákẹ́. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sọ ìdí tó fi pẹ́, kí ẹ so ìwé ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ nígbà tó fara pa, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìtọ́jú rẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì tí àwọn kan máa ń kó pọ̀ mọ́ èyí kò tíì di dandan fún yín, torí ilé iṣẹ́ àdáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni òfin 2014 mú un lé lọ́wọ́.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, orúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó kàn lára, ohun tí a ṣe, ẹni tó rí i. Kí ẹ kọ èyí tí kò dunni pàápàá. Ìwé yẹn ni alábẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè. Ní ti àwọn tó wá bá yín, ẹ gbà wọ́n láàyè wọlé bí wọ́n bá fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kí ẹ kọ orúkọ àti ilé-iṣẹ́ tó rán wọn. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sórí ìwé tó ní àmì ìjọba. Ẹ má sanwó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Àkáǹtì ìjọba ni owó ìjọba ń lọ, ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìyókù ni omi aró tí ẹ ti lò tán, èyí tó máa ń fa ìjà pẹ̀lú aládùúgbò, wolé-wolé àti OGEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń dáàbò bo àyíká. Abẹ́òkúta jẹ́ òkè àti àpáta, ilẹ̀ kì í fa omi púpọ̀, ohun tí ẹ bá dà sí gọ́tà lókè, ẹnu ọ̀nà ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé odò. Ẹ fi omi náà sílẹ̀ nínú àgbá tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan, kí ẹ máa rò ó, kí háídírọ́sì tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ ra bébà pH: omi lásán jẹ́ 7, omi kọ́sítíìkì sábà máa ń ju 12 lọ, ẹ sì fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín 6 sí 9 kó tó jáde. Fínígà díẹ̀díẹ̀ lè mú un wálẹ̀, nínú àgbá nìkan o, kì í ṣe lára èèyàn. Omi bátìrì kò gbọdọ̀ kàn án, pàápàá nígbà tí háídírọ́sì ṣì wà níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà lè dá ẹni tó dúró tì í lókùú.